Ẹ Má Tíì Sọ Fún Un

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ ilé-ìwé rẹ níjelòó náà kí ọ, torí kò tíì kú. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni a wà. Èmi jókòó lórí àpótí, ìyá rẹ gba àga, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Télọ̀ ló ń kọ̀wé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi àtíkè kun ọ̀rọ̀ mi lójú.

A gba lẹ́tà rẹ. O ní òkè kẹta ni yàrá rẹ wà nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, agogo ló ń jí yín, agogo ló ń pè yín jẹun, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́ láìwọ gáàùn dúdú. Yunifásítì ni mo rò pé o lọ, mi ò mọ̀ pé bárékè ṣọ́jà ni. Ìyá rẹ ní kí n má tíì bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyí. O ní o fẹ́ wálé nígbà ìsinmi kékeré oṣù kẹta, pé ọkàn rẹ ń fà sílé. Má wá. Oṣù kẹfà ni ìdánwò àṣekágbá. Èmi tí ò ń wò yìí, àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bí wọ́n bá kọ orúkọ mi sílẹ̀, màá ní adìyẹ ló tẹ̀ ẹ́. Nínú gbogbo ọmọ tí mo bí, ìwọ nìkan ni orí rẹ gba ìwé. Parí rẹ̀ ná.

Ìyá rẹ ní, "Télọ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó bá fẹ́ wálé, kó máa bọ̀."

Mo ní, "Télọ̀, má kọ ọ́."

Télọ̀ ní òun ti kọ ọ́.

Ìyá rẹ tún ní kí o máa sùn dáadáa, pé ìwé kì í sá lọ. Ó ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní bàbá rẹ kò mọ̀ pé òtútù ń pa èèyàn, torí orí rẹ̀ le ju òkúta lọ, òtútù kò ríbi gbà wọ̀ ọ́. Ilé mi ni obìnrin yìí ń gbé o. Àga tí mo dìde fún un ló jókòó sí tó ń bú mi.

Má wá. Kàwé.

Èmi bàbá rẹ. Àtàǹpàkò mi ló wà nísàlẹ̀ yìí.


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi kí télọ̀, ẹ ní kó máa bá iṣẹ́ rere rẹ̀ lọ. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo rẹ́rìn-ín títí obìnrin tó jókòó tì mí fi gbé agbọ̀n aṣọ rẹ̀, ó sún síwájú.

Mo ti gbọ́, Bàbá. Mi ò ní wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Èrò rẹpẹtẹ ló ń gbé ilé yìí, síbẹ̀ mo lè wà láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni má pè mí. Ẹnu-ò-sinmi tí Màmá sọ mí, ẹnu ti sinmi. Màá gbé kẹ́tùlù lọ sí kíṣìnnì àjọlò, màá dúró kí omi hó, màá máa retí pé ẹnìkan á wọlé ká jọ sọ̀rọ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ní "Pẹ̀lẹ́," wọ́n á bu omi, wọ́n á jáde. Ìwé náà sì le. Mo máa ń ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé mi.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà. Ní oṣù kẹrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ máa ń padà wá jẹun alẹ́ pẹ̀lú wa. Ẹni tó bá ti gbé yàrá kan rí á jókòó kọjú sí ẹni tó ń gbé e báyìí. Ẹ gbọ́ o, Bàbá: àbúrò yín ló máa kọjú sí mi! Bàbá Eléyín tó wá ilé-ìwé yìí fún mi, yàrá tèmi gan-an ló gbé nígbà tiẹ̀, kó tó di dókítà eyín. Ìlú rẹ̀ jìnnà síbí, ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí pé òun á wọ ọkọ̀ ojú irin wá.

Màmá, ẹ̀yìn yín ńkọ́? Ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá máa fi òróró pa á lásán. Ẹ fúnra yín sọ ọ̀rọ̀ sínú lẹ́tà tó ń bọ̀, kó ṣe mí bíi pé mo gbóhùn yín.

Ẹnu-ò-sinmi yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta

Àbúrò mi, Dókítà Eléyín,

Mo kí ọ. Lẹ́tà yìí kò ní gùn. Ìyàwó mi ti kú. Ẹ̀yìn tó ní ó ń dun òun, kì í ṣe ẹ̀yìn, kíndìnrín ni. Nígbà tí ọsibítù fi mọ̀, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ọjọ́ Àìkú ló kú, lọ́sàn-án, èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. A ti sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ rẹ̀. Télọ̀ ń sunkún sórí ìwé. Bí o bá rí ibi tí yíǹkì ti ṣàn, kì í ṣe omi ojú mi.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni mo fi ń kọ̀wé sí ọ. Kò gbọdọ̀ gbọ́. Mo ti sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹni tó bá kọ̀wé sí i, kó wá bàbá mìíràn. Bó bá ti jáde nínú ìdánwò ní oṣù kẹfà, èmi fúnra mi á sọ fún un. Ó ní ẹ jọ máa jẹun ojúkojú lóṣù tó ń bọ̀. Bó bá béèrè ìyá rẹ̀, sọ pé ó kí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àfẹ́kù. Ẹ kú ìrọ́jú. Obìnrin tó máa ń tọ́jú oúnjẹ dè mí bí ẹ bá ní kí wọ́n fi ebi pa mí sùn, òun náà lẹ ní ó ti lọ yìí.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ fún ọmọ náà. Mo mọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí òbí rẹ̀ bá kú, ọjọ́ kan náà ni ọ̀gá ilé máa ń jẹ́ kó lọ. Ìdánwò rẹ̀ á dúró dè é di oṣù kẹsàn-án, wọn kò sì ní yọ máàkì kankan. Kò sí ohun tó máa pàdánù. Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí! Á wálé, á bá àwọn èèyàn rẹ̀ sunkún, á padà lọ parí. Bí ẹ bá pa á mọ́ fún un ni á pàdánù nǹkan.

Ẹ rántí pé inú yàrá kan náà ni mo wà nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀yin àti Bàbá pa á mọ́ fún mi títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí. Gbogbo ilé ń yangàn pé ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí rí ìdí tí mi ò fi wálé fún ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ fèsì kíá. Mi ò fẹ́ jókòó síwájú ọmọ yẹn kí n máa purọ́ pẹ̀lú ṣíbí lẹ́nu.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

Rárá ni èsì mi.

Ìwọ wà lókè òkun lọ́jọ́ tí ìyá wa kú. Èmi wà lóko, mò ń kọ ebè. Bàbá wa rán ẹnìkan sí mi, ó ní kó jókòó sétí oko, kó má la ẹnu títí n ó fi kọ poro mi tán. Mo rí i tó jókòó, mo rò pé ó ń sinmi ni, mo tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kọ poro náà tán, ó sọ fún mi, mo ju ọkọ́ sílẹ̀. Ká ní ó sọ ọ́ láàárín poro ni, mi ò bá tí fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́ lọ́dún yẹn, ebi ì bá sì pa gbogbo wa. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Ìwọ náà parí poro tìrẹ. Eyín mélòó lo ti yọ láti ìgbà náà? Ṣebí nítorí pé a pa ẹnu mọ́ lo fi ń ráyè la ẹnu ẹlòmíràn.

O ní ìdánwò á dúró dè é. Ìdánwò lè dúró. Ọkàn ọmọ ni kì í dúró. Ìyá rẹ̀ ló fi ń mí. Bó bá wálé tó rí ibojì yìí, kò ní gbé báàgì mọ́.

Bí o bá sọ fún un, lọ́jọ́ tí mo bá kú, má wá sin mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ara rẹ̀ ti yá. Ó ní kí o kàwé, kí o má máa ronú ilé. Adìyẹ ń yé. Òjò ti rọ̀. O ní kó fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó ní kí a kọ nìyí: "Ọmọ mi, máa sa gbogbo ipá rẹ, Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́."

Ọwọ́ ń dun télọ̀, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi kúrú.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí, Bàbá kàn lè máa gbọ́ ni. Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni? Nínú lẹ́tà tó dé kẹ́yìn, ẹ kò já lu ọ̀rọ̀ Bàbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá ní ẹ ní kí n kàwé. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fẹ́ àtùpà pa mọ́ mi lójú pé kí n lọ sùn! Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí mi dà bí ọ̀rọ̀ ìyá ìjọ. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ síta.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti wá, wọ́n ti lọ. Àwọn àgbàlagbà tó ti hewú ń sáré gun àtẹ̀gùn bí ọmọdé, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀dì yìí ṣì ń dún bíi ti àtijọ́?" Adájọ́ kan jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, inú ń bí i pé wọ́n ti kun ògiri. Bàbá Eléyín náà gòkè wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Mo ní, "Ẹ wọlé, sà, yàrá yín ni." Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Nídìí oúnjẹ, ilé yìí ní ìṣe kan. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá kú láàárín ọdún, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, ṣáájú ọ̀gá ilé pàápàá. Gbogbo gbọ̀ngàn á dìde, ẹnikẹ́ni kò ní jókòó títí á fi tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ọmọbìnrin kan láti ìsàlẹ̀ ni tọdún yìí, bàbá rẹ̀ ló kú. Mo dìde fún un. Ọbẹ̀ ń dà sí gáàùn rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, Ọlọ́run, mo dúpẹ́ tèmi. Nígbà tí a jókòó, omijé ń kán sínú àwo Bàbá Eléyín. Mo ní, "Sà, ṣé ẹ mọ ọmọ náà ni?" Ó ní rárá. Mo ní, "Màmá mi ńkọ́, ṣé ẹ gbúròó wọn?" Ó ní, "Ó kí ọ." Kò jẹ nǹkan kan mọ́. Kí àánú ọmọ ọlọ́mọ máa ṣeni tó báyẹn! Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Bí ìdánwò bá ti parí, ilé ni mò ń bọ̀ tààrà. Mo ti ra ìbọ̀sẹ̀ onírun fún yín.

Ẹnu-ò-sinmi yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Ìyá rẹ kò sí mọ́. Oṣù kẹta ló kú, kíndìnrín ló pa á. Kò sí ohun tó yẹ ká ṣe tí a kò ṣe. Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ títí o fi máa parí ìdánwò. Má bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ jà. Má bá àbúrò mi jà, ó bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun sọ, mo kọ̀. Ọ̀rọ̀ tí o rò pé ìyá rẹ sọ ní oṣù kẹrin, èmi ni mo sọ ọ́.

Mi ò tọrọ àforíjì. Ohun tí bàbá mi ṣe fún mi ni mo ṣe fún ọ. O ti parí, ikú pàápàá kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ mọ́. Wálé báyìí. Wá sunkún. Aṣọ ìyá rẹ wà nínú àpótí. Àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń fojú wọ̀n wọ́n, mo ní ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án kí o tó dé.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje

Bàbá,

Mo jókòó bí ẹ ṣe ní. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa dìde.

Èsì ti jáde. Mo yege, mo wà nínú àwọn tó ṣe dáadáa jù. Ẹ gbà á, tiyín ni.

Ẹ ti sin ín láti oṣù kẹta. Ní oṣù kẹrin mò ń ra ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ní oṣù karùn-ún mò ń ro ẹjọ́ olùkọ́ mi fún un. Òkú ni mò ń bá ṣàwàdà, ẹ jókòó, ẹ ń gbọ́, télọ̀ ń kà á fún yín. Ká ní ikú rẹ̀ nìkan lẹ pa mọ́, bóyá mo lè gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹnu ìyá mi sọ̀rọ̀ sí mi, Bàbá. Èyí ni mi ò lè gbé.

Mo dìde fún ọmọ ọlọ́mọ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Mo ń dúpẹ́ pé kì í ṣe èmi. Lánàá mo padà lọ síbẹ̀. Gbogbo èèyàn ti lọ fún ìsinmi, àwọn òṣìṣẹ́ ń to àga sórí tábìlì. Mo dúró. Mi ò mọ ohun tí mò ń retí. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n jọ̀ọ́ bìlà, òun fẹ́ nulẹ̀.

Mi ò wálé. Kí ni mo fẹ́ wá wò? Ilẹ̀ tó ti hu koríko? Màá fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́, ẹ gbé e kọ́. Ẹ pín aṣọ náà fún ẹni tó bá bá mu.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Lẹ́tà kẹta nìyí, o ò fèsì. Ìwé ẹ̀rí dé. Télọ̀ bá mi ra férémù, mo gbé e kọ́. Àwọn èèyàn ń wá wò ó, wọ́n ń ní, "Ẹni tó ni ín dà?" Mo ní o ń bọ̀. Mi ò pín aṣọ kankan.

Mo ti sọ pé mi ò tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Ṣùgbọ́n ṣé kí bàbá béèrè ọmọ rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ṣé ò ń jẹun? Níbo lò ń gbé látìgbà tí o ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kọkànlá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ oko, sà. Mo gba lẹ́tà yín. Ara mi le. Mo ti ríṣẹ́. Ibi tí mò ń gbé dára, ó móoru. Mò ń jẹun lásìkò. Kò sí wàhálà kankan. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, inú mi dùn. Mo ní kí télọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù pé ọmọ mi ti ríṣẹ́.

Àná ni lẹ́tà àbúrò mi dé. Ó ní lọ́jọ́ tí o kọ ọ́ yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lo wà. Ó ní o ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ní o kì í jẹun, o kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan ló ń wá wò ọ́, òun ló sì ń mú lẹ́tà mi wá fún ọ. Òun náà wá, o kọjú sógiri. Kò síṣẹ́. Kò síbi tó móoru.

Mo gbé lẹ́tà rẹ dání báyìí. Mi ò mọ̀wé, o mọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí télọ̀ bá ń ka lẹ́tà rẹ, ṣe ló máa ń dà bíi pé o wọlé. Èyí, ó ti kà á títí ohùn rẹ̀ fi há, mi ò gbọ́ ẹnìkan. Bí o bá tún kọ̀wé pé ara rẹ le, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ta ni kí n bi?

Télọ̀ ní kí n tọrọ àforíjì. Mo ní kó gbájú mọ́ aṣọ tó ń rán. Ṣùgbọ́n mo ní kó kọ èyí, kó kọ ọ́ gàdàgbà: bú mi. Bú mi bí o bá ṣe fẹ́. Lẹ́tà oṣù keje tó gún mi lọ́kàn, òun ni mo ń ní kó kà fún mi, nítorí o wà nínú rẹ̀. Má kí mi bí ẹni ń kí ọlọ́pàá mọ́. Sọ ibi tó ń dùn ọ́. Mo bẹ̀ ọ́. Télọ̀ gbójú sókè, ó ń wò mí. Kọ ọ́, mo ní mo bẹ̀ ẹ́.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, sà. Mo gba lẹ́tà yín, ẹ ṣeun. Ara mi le. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Oúnjẹ wà. Kò sí wàhálà kankan. Ẹ bá mi kí télọ̀.

Ọmọ yín.